Ẹ̀gbọ́n Mi àti Jíìnì Alápámáṣiṣẹ́

Ní àdúgbò wa, bí àlejò bá béèrè ilé wa, kò sẹ́ni tí yóò fi orúkọ bàbá wa júwe rẹ̀ fún un. "Ilé Ìyá Eku lẹ ń wá," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì nawọ́ sí géètì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Ìyá Eku. Kì í ta eku, kì í sì í dẹ pàkúté fún wọn. Ó ń tọ́jú wọn ni, ó ń ṣọ́ wọn bí alágbàfọ̀ ṣe ń ṣọ́ aṣọ tó sá sóòrùn nígbà tí òjò bá ṣú. Iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbà á fún nìyẹn. Iṣẹ́ náà ló sì jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ń fò sókè nínú ẹrẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ilé-ìwé.

Télọ̀ ni èmi. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Màámi la jọ ń gbé. Máṣíìnì mi wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, tábìlì tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé kọ̀ǹpútà lé sì kọjú sí i, nítorí náà kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí etí mi ò gbọ́. Òmíràn, etí mi gbọ́ ọ títí ó fi fẹ́ di.

Láti kékeré ni kì í ti í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sinmi. Tí wọ́n bá ní kó lọ ká aṣọ lórí okùn, yóò dúró síbẹ̀, yóò máa wò ó bóyá ìsàlẹ̀ aṣọ ló kọ́kọ́ ń gbẹ tàbí òkè. Màámi á pariwo látinú ilé pé, "Ṣé ìwọ lò ń ká aṣọ ni, àbí aṣọ ló ń ká ọ?" Nígbà tó wá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí lòun fẹ́ kọ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọ́n gbé eku lé e lọ́wọ́, kò sì sá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi télọ̀. Ó ní nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, pátánì wà, bíi pátánì bébà tí mo fi ń gé aṣọ. Ọ̀kan wà fún àwọ̀ ojú, ọ̀kan wà fún èékánná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, inú oyún ni a sì ti ń jogún wọn. Pátánì kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Àwọn jíìnì kan gbajúmọ̀, gbogbo ayé ló ń du bí wọ́n ṣe máa kọ̀wé nípa wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n wà, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, ó tán. Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mú nìyẹn.

Ohun méjì péré ni wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan ló ní in: eku, ajá, màlúù àti irú wọn. Ẹyẹ ò ní in, alángbá ò ní in, ọ̀pọ̀lọ́ ò ní in. Èkejì ni pé abẹ́ awọ ló sá pamọ́ sí. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá irú ẹ̀ ni pé wọ́n á sin eku kan tí jíìnì náà ò sí lára ìran ẹ̀ mọ́, wọ́n á wá máa wò ó, kí ni kò lè ṣe tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi wo eku títí. Ó gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ. Ó gbé wọn sórí táyà kékeré tó ń yí, wọ́n sáré. Wọ́n gbóòórùn, wọ́n gbọ́ràn, wọ́n bímọ, wọ́n tọ́mọ. Ó fi nǹkan tó gbóná díẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọ́n fà á sẹ́yìn kíá. Kò sí nǹkan kan tí wọn ò lè ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ jíìnì náà ní Alápámáṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi lórí àtẹ̀gùn, dípò "ẹ káàárọ̀", ohun tí wọ́n máa ń kí i ni, "Ṣé Alápámáṣiṣẹ́ ti ríṣẹ́?"

Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń fi awò ojú ẹ̀ há orí irun bí ẹni pé irun ló fẹ́ fi kàwé.

"Mo mọ̀ pé o ti gbìyànjú," ni Ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n àyè ò tó mọ́ nínú yàrá eku. Tí sáà yìí bá parí, a ó kó àwọn eku rẹ kúrò, ẹlòmíràn á lo àyè náà."

"Sà, iṣẹ́ wà tó ń ṣe. Ohun tí kò níṣẹ́ kì í pẹ́ báyẹn lára."

"Tó bá níṣẹ́, kí ló dé tí kò ṣe é lójú wa?"

Ó délé lọ́jọ́ náà, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà kó tó jókòó. Màámi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Bàbá yín ńkọ́? Ọdún mélòó ni mo fi gbà pé ọkùnrin yẹn ò wúlò fún nǹkan kan? Ọjọ́ tí òrùlé ń jò ni mo tó mọ̀ pé mo lọ́kọ. Ọmọ mi, ibi tí wàá ti rí ìwúlò ẹ̀ lo ò tíì dé."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wo ilẹ̀.

Yàrá eku wọn wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní fèrèsé. Kí èèyàn tó wọlé, á wọ ẹ̀wù funfun, á bo imú, á fi ọ̀rá wé bàtà. Selífù irin méjì kọjú síra wọn, àwọn àpótí oníke tí wọ́n fi wáyà bò lórí tò sórí wọn, káàdì kékeré sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàdì búlúù ni ti eku tí nǹkan kan ò dín lára ẹ̀, káàdì yẹ́lò ni ti eku tí kò ní Alápámáṣiṣẹ́. Lókè selífù, páìpù omi kan gba abẹ́ àjà kọjá. Páìpù náà ti ń kán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n bá pe pọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́.

Pọ́ńbà náà gun àkàbà, ó ń fi sípánà yí nọ́ọ̀tì, ó ń kọrin sábẹ́ ìbòmú. Ẹ̀gbọ́n mi ń pa omi mímu àwọn eku dà nísàlẹ̀. Bí pọ́ńbà ṣe fún nọ́ọ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan, páìpù já.

"Yéè! Mo dáràn o!"

Omi tú jáde, ó lu àjà, ó fọ́n ká, ó ń rọ̀ sórí selífù méjèèjì bí òjò. Pọ́ńbà fò sílẹ̀ lórí àkàbà, ó sá jáde lọ ti omi pa. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àwọn àpótí sọ̀kalẹ̀ ní méjìméjì, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Nígbà tí omi dá, gbogbo eku ló ti rin gbingbin.

Ó ní ìró kan lòun kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi àtàǹpàkò ṣí ojú-ewé ìwé kíákíá. Fìrìrì! Ó wo àpótí oníkáàdì búlúù tó súnmọ́ ọn. Eku inú ẹ̀ dúró, ó gbọnra láti imú dé ìrù, omi fọ́n kúrò lára ẹ̀ bí èéfín. Fìrìrì! Èkejì ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Inú gbogbo àpótí búlúù, fìrìrì, fìrìrì, omi ń ta sára ike.

Àwọn oníkáàdì yẹ́lò jókòó.

Wọ́n kàn jókòó ni. Irun wọn lẹ̀ mọ́ra, omi ń kán ní àgbọ̀n wọn tó, tó, tó. Ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ tó ti rọ̀. Òmíràn ń rìn kiri nínú omi bí ẹni tó wọ aṣọ tútù tí kò mọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé àìsàn ti bá wọn, ó bá fa aṣọ ìnura yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí nù wọ́n. Ó nu ti àpótí kan, ó kan èkejì, ó kan ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó wo káàdì: yẹ́lò. Ó wo àwọn tó ti nù: yẹ́lò, yẹ́lò, yẹ́lò. Ó ti ọwọ́ bọ omi tó wà nílẹ̀, ó wọ́n ọn díẹ̀ sẹ́yìn eku oníkáàdì búlúù kan. Fìrìrì! Ó wọ́n ọn sí oníkáàdì yẹ́lò. Kò sí nǹkan kan. Eku náà gbójú sókè, ó ń wò ó.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ilé.

Pọ́ńbà wọlé padà, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ti dípẹtà. Ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá."

"Ta ló fẹ́ lé yín? Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín! Ẹ lọ ṣí i padà!"

"Kí n ṣí kí ni?"

"Omi náà! Díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ tún un wò."

Pọ́ńbà fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn. "Mà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé kí n pe ẹnì kan wá fún yín?"

Síìpù ni mo ń rán sára ṣòkòtò oníbàárà nígbà tí fóònù mi dún.

"Wọn ò gbọnra!" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ń fò.

"Àwọn wo? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?"

"Ajá! Tí ajá bá jáde nínú omi, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń fi omi ba aṣọ èèyàn jẹ́ ni."

"Ó ń gbọnra! Ajá ń gbọnra, eku ń gbọnra, àwọn eku tèmi ò gbọnra! Alápámáṣiṣẹ́ ti ríṣẹ́! Ó ti ríṣẹ́, ọmọ ìyá mi!" Ó bá pa fóònù mọ́ mi létí. Ìgbà tí mo fi máa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, òdìkejì ni mo rán síìpù náà sí.

Ọ̀gá ò kọ́kọ́ gbà. Ó wá sí yàrá náà, awò lórí irun. "Òtútù ló ń mú àwọn tó kù. Wọ́n ń gbọ̀n ni."

"Sà, gbígbọ̀n yàtọ̀ sí gbígbọn. Ẹni òtútù mú ló ń gbọ̀n. Àwọn yìí ń gbọn omi nù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo lò lónìí, wọ́n ṣì gbọn ọ́n nù."

"Ó lè jẹ́ pé ọrùn àwọn tìrẹ ò lágbára."

Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ pé á béèrè. Ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí etí eku oníkáàdì yẹ́lò, eku náà gbọn orí kíkankíkan. Ọrùn le, ẹ̀yìn le. Kì í ṣe pé wọn ò lè gbọnra. Wọn ò mọ̀ pé omi wà lára wọn ni.

Kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́, ó pe akọ̀wé ọ́fíìsì, obìnrin kan tí kò mọ̀kan nípa eku, tó tilẹ̀ ń bẹ̀rù wọn. Wọ́n fi bébà bo gbogbo káàdì. Wọ́n ń kán omi sẹ́yìn eku lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ké, "Eléyìí gbọn! Eléyìí náà gbọn! Eléyìí ò gbọn, kò rí tèmi rò!" Nígbà tí wọ́n ṣí bébà kúrò, gbogbo èyí tó gbọn jẹ́ búlúù, gbogbo èyí tí kò gbọn jẹ́ yẹ́lò; ẹyọ kan péré ni akọ̀wé ṣì, ó sì ní nígbà yẹn òun ti dijú nítorí pé eku náà ń wo òun.

Ọ̀gá fa awò ojú ẹ̀ wá sójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa rí i níbi tó yẹ kó wà nìyẹn. Ó wo eku, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa kó eku kankan kúrò níbí."

Láti ọjọ́ yẹn, a ò gbádùn nílé mọ́, ní ọ̀nà tó dára. Ẹ̀gbọ́n mi á wọlé, á gbàgbé láti kí wa, á bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀. Ó fi máíkírósíkóòpù wo abẹ́ awọ, ó wá fi abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì mi ṣàlàyé fún mi. Ó ní ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó wé mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wé òwú mọ́ ìdí bọ́tìnì. Ara iṣan yẹn ni jíìnì náà ti ń ṣiṣẹ́: òun ló ń kọ́ àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké síbẹ̀. Bí omi bá kán sórí irun tí irun tẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, ìròyìn á lọ sọ́pọlọ, kí eku tó ronú ara ẹ̀ ti ń gbọn. Tí jíìnì yẹn ò bá sí, ilẹ̀kùn ò sí. Omi á kán, irun á tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nínú ilé.

"Ibo ló wá ti wá?" ni mo bi í. "Tí alángbá ò bá ní in, tí ẹyẹ ò ní in, ta ló fi lé eku lọ́wọ́?"

Bí mo ṣe béèrè ni mo mọ̀ pé mo ti dá wàhálà sílẹ̀, torí ojú ẹ̀ tàn yanran. Ó ní jíìnì àgbà kan wà tí alángbá àti ẹyẹ àti gbogbo wa ní, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí awọ lè mọ̀ tí nǹkan bá fọwọ́ kàn án. Ní ayé àtijọ́ gan-an, lára àwọn baba ńlá àwọn ẹranko onírun, nígbà tí ara ń da jíìnì yẹn kọ fún ọmọ, ó ṣèèṣì dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó di ìbejì. Ọ̀kan dúró ti iṣẹ́ àtijọ́. Ọ̀kan yòókù ò níṣẹ́, ó ń rìn kiri, ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí irun fi hù, tí irun sì wá ń gba omi dúró. Ẹranko kékeré tí irun ẹ̀ bá rin, òtútù á pa á. Èyí tó bá lè gbọn omi nù kíá ló máa rí ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni ìbejì kejì ṣe ríṣẹ́.

"Tó bá jẹ́ nítorí irun ni," ó ń sọ ọ́, ó ń fi ìka lu tábìlì, "ó yẹ kó ti bàjẹ́ lára ẹranko tí kò nírun mọ́."

Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ka jíìnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń wá wọn. Màámi ń ká aṣọ tó gbẹ, èmi ń tú ìṣẹ́tí yẹ̀rì kan.

"Àbùùbùtán!" ló kígbe. "Tiẹ̀ ti bàjẹ́!"

"Kí ló bàjẹ́?" Màámi ti dìde, ó rò pé kọ̀ǹpútà ni.

"Jíìnì ẹ̀, Màámi. Mo rí ibi tó wà, ṣùgbọ́n ó ti já sí wẹ́wẹ́, bí pátánì tí kòkòrò jẹ."

"Kòkòrò wo ló débẹ̀?"

"Ọjọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹranko tí kò nírun, tí inú omi nilé ẹ̀, kí ló fẹ́ gbọn omi nù sí? Tí àṣìṣe bá bọ́ sínú jíìnì tó wúlò, ìyà á jẹ ẹranko náà, àṣìṣe yẹn ò ní pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n tí jíìnì ò bá wúlò mọ́, kò sẹ́ni tí ìyà máa jẹ. Àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe."

Ó yí padà sí kọ̀ǹpútà. Erinmi: ó bàjẹ́. Akika tó jẹ́ pé ìpẹ́ ló fi bora: ó bàjẹ́. Ó wá ẹranko odò kan tó ń gbé inú omi ṣùgbọ́n tí irun bò ó bámúbámú. Ó di èémí mú, èmi náà di tèmi mú, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí ẹ̀. "Ó pé! Ó pé pérépéré!" Ó bá dìde, ó yí tábìlì po, ó tún jókòó. Ìyẹn ni pé kì í ṣe omi ló ń ba jíìnì jẹ́, àìnírun ni.

"Èèyàn ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo fi tiwa sẹ́yìn ni, bí ẹran inú àwo."

Ó tẹ̀ ẹ́. Èmi àti Màámi dúró lẹ́yìn ẹ̀, à ń wo lẹ́tà kéékèèké tí a ò lè kà. Ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn. "Ó ti bàjẹ́," ó wí, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. "Tiwa náà ti bàjẹ́. Ó wà lára gbogbo wa, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́."

Màámi wo táwẹ̀lì tó ń ká lọ́wọ́. "Ìyẹn lèmi ṣe ń ra nǹkan yìí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo rò pé ó kù kó kọ ọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ gbogbo ẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, Ọ̀gá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?" ó bi í. "Mo wo tiẹ̀ láàárọ̀ yìí. Irun mélòó ló wà lára ẹlẹ́dẹ̀? Síbẹ̀ jíìnì ẹ̀ pé."

"Mi ò tíì mọ̀, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ó délé, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín pálọ̀, ó ń tẹ bébà pátánì mi mọ́lẹ̀. Lójijì ó dúró. "Àbúrò mi, ṣé o ti rí ẹlẹ́dẹ̀ tó gbọnra rí?"

"Èmi? Níbo?"

"Tí jíìnì ẹ̀ bá pé tí kò sì gbọnra, àlàyé mi ti fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ń gbọnra, á jẹ́ pé ìwọ̀nba irun tó ní yẹn ṣì tó fún un, á jẹ́ pé jíìnì yìí lè sọ ohun tí ẹranko máa ṣe fún wa kí a tó rí ẹranko náà!" Ó ti ń wá bàtà. "Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀! Ẹ pè é fún mi, Màámi!"

Àbúrò Màámi ni Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ṣe mọ́ la ti dé ọgbà ẹ̀, èmi pẹ̀lú fóònù tí mo fẹ́ fi ya fídíò, ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú báàgì tó kún fún táwẹ̀lì.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀ wí. "Màámi yín ní ẹ fẹ́ wẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé ó fẹ́ rìnrìn-àjò ni?"

"A fẹ́ wò ó bóyá á gbọnra ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀ họrí. "Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò ṣàkíyèsí ẹ̀ rí. Tí mo bá ti da omi sí wọn, mo ti kọjá sí èkejì. Ta ló ń dúró wo ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀?"

Abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan ni wọ́n mú wá sí iwájú, etí ẹ̀ bo ojú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé garawa, ó da gbogbo omi náà sí i lẹ́yìn wàà. Ẹlẹ́dẹ̀ náà hùn, ó dijú, ó dúró gbagidi bí ìyá àgbà tí wọ́n ń fi òrí pa lẹ́sẹ̀. A dúró. Omi ń ṣàn sílẹ̀. Kò gbọnra. Ó tilẹ̀ súnmọ́ garawa, ó fẹ́ sí i.

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ̀ fóònù kalẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú yẹn wà nínú fídíò.

Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Ṣé ká gbìyànjú òmíràn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo garawa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún wa, fún ara ẹ̀ ni: "Garawa... Èmi ò da garawa sí eku. Ó wúwo jù, ó tẹ gbogbo irun lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò kì í já bọ́ ní garawa." Ó gbójú sókè. "Sà, ṣé ẹ ní rọ́bà omi?"

Wọ́n fa rọ́bà wá, mo tún gbé fóònù sókè. Ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ẹ̀ títí omi fi fọ́n wẹ́wẹ́, ó gbé e sókè kí ó lè máa já bọ́ fúnra ẹ̀, tín-ín-tín, sórí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí irun líle díẹ̀ ti tò sí. Ẹlẹ́dẹ̀ dákẹ́ híhùn. Awọ ẹ̀yìn ẹ̀ sún kẹ́rẹ́. Ó gbé orí sókè.

Ọlọ́run mi! Etí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pàá pàá pàá, ó dé ọrùn, ó dé èjìká, ikùn ńlá náà ń lọ sọ́tùn-ún nígbà tí ẹ̀yìn ń bọ̀ lósì, ó rìn dé ìdí, ó dé ìrù, omi àti ẹrẹ̀ sì fọ́n bò wá láti orí dé ẹsẹ̀, èmi, Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, fóònù, táwẹ̀lì, gbogbo ẹ̀.

"Ó gbọnra!" Ẹ̀gbọ́n mi ju rọ́bà sílẹ̀. "Ó gbọnra! Ó gbọnra!" Ó ń fò nínú ẹrẹ̀, bàtà ẹ̀ kan ti rì, kò mọ̀. Ó di mọ́ Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ó di mọ́ mi, ó fẹ́ di mọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ yà fún un. Rọ́bà tó jù sílẹ̀ ń fò kiri bí ejò, ó ń fọ́n omi sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yòókù, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo ọgbà ń gbọnra. Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú, ó wo gbogbo wa, ó ní, "Ẹ kú gbígbọn o!"

Fídíò yẹn ni Ọ̀gá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó rẹ́rìn-ín sókè, akọ̀wé sì sáré wá wò ó bóyá àlàáfíà ni.

Wọ́n kọ iṣẹ́ náà, wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò béèrè èyí, wọ́n béèrè tọ̀hún, ẹ̀gbọ́n mi dáhùn gbogbo ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní jíìnì tí a ti mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò yẹ kó máa jẹ́ nọ́ńbà, kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lórúkọ. Ó pè é ní Agbọnminù. Báyìí, orúkọ yẹn wà nínú ìwé àwọn èèyàn tí kò lè pè é dáadáa, wọ́n sì ń fi fídíò ránṣẹ́ sí i láti ibi gbogbo: ológbò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, ewúrẹ́ nínú òjò, ẹranko kan tí a ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Màámi ló ń wò wọ́n jù. Ó máa ń ṣàlàyé jíìnì fún àwọn àlejò, ó sì máa ń ṣì í sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti já a nírọ́ nínú ilé ara ẹ̀.

Àdán ló kù tó ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú báyìí. Ó ní irú àdán kan wà tí irun kún ara ẹ̀, tí jíìnì ẹ̀ sì bàjẹ́ pátápátá, bí ó sì ṣe ń sorí kọ́dọ̀, bóyá omi ń ṣàn kúrò lára ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, kò nílò àtigbọn ọ́n, tàbí kí ó jẹ́ pé gbogbo àlàyé náà tún fẹ́ àtúnṣe. Inú ẹ̀ dùn sí méjèèjì bákan náà. Irú àdán náà ló kún abẹ́ òrùlé ilé-ìkàwé àtijọ́, ẹ̀yìn ọjà bàtà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo di àkàbà mú fún un, ọ̀sán gangan, eruku ń bọ́ sí mi lójú, àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé kí ni Ìyá Eku ń wá lókè. Ó mú ike ìfọ́nmi lọ́wọ́ kan, ó mú fóònù lọ́wọ́ kejì. Ó ní kí n dákẹ́, kí n má mí, ọ̀kan ti lajú.